ÌJẸ́WỌ́ KÌÍ ṢE Ọ̀RỌ̀ ẸNU LÁSÁN: Àyẹ̀wò lórí bí ayé ṣe gba Palẹstínì gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè, àti ẹrù tí ó wà lọ́rùn ẹni tí ó gbà á



  

Ní ọjọ́ Jímọ̀ọ́ tí ó gbẹ̀yìn oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, bí a ti kírun tán, màmá àgbà kan dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí. Ó ní, "Lèmọ́mù wa, wọ́n ní àwọn Òyìnbó ti fún àwọn ará Palẹstínì ní ìlú wọn. Ṣé wọ́n ti lè padà sílé báyìí?" Kí n tó dáhùn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń kọ́ ìmọ̀ òfin ní yunifásítì fi ẹ̀rín sí i, ó ní, "Màmá, ariwo lásán ni o. Kò sí nǹkan kan tó yí padà."

Mo ń lọ sílé, mo ń rò ó. Àwọn méjèèjì ni ó sọ òótọ́ díẹ̀, àwọn méjèèjì náà ni ó ṣì í. Màmá rò pé ìtẹ́wọ́gbà ti parí ọ̀rọ̀. Ọmọ yunifásítì rò pé kò bẹ̀rẹ̀ nǹkan kan. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín lónìí ni pé ó bẹ̀rẹ̀ nǹkan: ó bẹ̀rẹ̀ gbèsè. Ẹni tí ó fọwọ́ sí i ni ó jẹ gbèsè náà. Orílẹ̀-èdè tiwa, Nàìjíríà, wà láàárín àwọn onígbèsè yìí, ó sì ti pẹ́ níbẹ̀ ju àwọn Òyìnbó tí à ń sọ lọ.

KÍ NI ÌJẸ́WỌ́?

Nínú fíkíhì Mọ́líkì tí àwọn bàbá wa fi kọ́ wa nílé kéwú, orí kan wà tí à ń pè ní iqrār, ìyẹn ìjẹ́wọ́. Bí ọkùnrin kan bá dìde láàárín ẹlẹ́rìí, tí ó ní ọmọ báyìí ọmọ òun ni, tí kò sì sí ohun tí ó tako ọ̀rọ̀ rẹ̀, ọmọ ti di ọmọ nìyẹn. Bí ó bá di ọ̀la tí inú bí i, kò lè sọ pé òun kò ṣe mọ́. Láti ọjọ́ tí ó ti sọ̀rọ̀ ni oúnjẹ ọmọ náà, aṣọ rẹ̀, ẹ̀kọ́ rẹ̀ àti ogún rẹ̀ ti di ọ̀ràn òfin. Ìjẹ́wọ́ kò ná an ní kọ́bọ̀ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ná an ní ọjọ́ iwájú rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí láàárín ìjọba àti ìjọba. Ní ọdún 1933, àwọn orílẹ̀-èdè ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe àdéhùn kan ní ìlú Montevideo. Wọ́n ka nǹkan mẹ́rin tí ilẹ̀ fi ń di orílẹ̀-èdè: àwọn ènìyàn tí ibẹ̀ jẹ́ ibùgbé wọn, ilẹ̀ tí a mọ̀, ìjọba, àti agbára láti bá àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn dá nǹkan pọ̀. Wọ́n tún sọ níbẹ̀ pé ìtẹ́wọ́gbà kìí ní májẹ̀mu, kò sì ṣeé fà sẹ́yìn. Ẹ ò rí i pé kò jìnnà sí ohun tí aáfà wa kọ́ wa lórí ẹní.

Àwọn kan a máa bi wá pé, ààlà Palẹstínì dà? Ìbéèrè náà dára. Ààlà tí ọ̀pọ̀ ìjọba ń tọ́ka sí ni èyí tí ó wà kí ogun oṣù Kẹfà ọdún 1967 tó bẹ̀rẹ̀: Bèbè Ìwọ̀-Oòrùn Odò Jọ́dánì, Gásà, àti apá ìlà-oòrùn Jerúsálẹ́mù tí àwa ń pè ní Al-Quds. Bí ààlà tí kò tí ì múlẹ̀ tán bá ń dí ènìyàn lọ́wọ́, Israẹli fúnra rẹ̀ kò bá má wọ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní ọdún 1949, nítorí ààlà tirẹ̀ náà kò tí ì múlẹ̀ tán nígbà náà.

IBI TÍ Ọ̀RỌ̀ TI Ń BỌ̀

N kò ní pẹ́ níbí, nítorí ọ̀pọ̀ nínú yín ti mọ̀ ọ́n. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá ọdún 1917, Arthur Balfour, mínísítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀rọ̀ òkèèrè, kọ lẹ́tà kan tí ó fi ṣèlérí ibùgbé fún àwọn Júù ní Palẹstínì. Nínú lẹ́tà náà ni ó ti sọ pé a kò gbọdọ̀ ba ẹ̀tọ́ àwọn tí kìí ṣe Júù jẹ́. Kò dárúkọ wọn. Àwọn tí ó pọ̀ jù lọ ní ilẹ̀ náà, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì, ni ó fi ohun tí wọn kò jẹ́ pè. Ìgbà tí wọn kò ti dárúkọ onílé nínú ìwé ilé ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá ọdún 1947, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dìbò láti pín ilẹ̀ náà sí méjì: 33 gbà, 13 kọ̀, 10 káwọ́ gbera. Ọ̀kan nínú méjèèjì, Israẹli, dìde ní ọdún 1948. Ní ọdún yẹn kan náà ni àwọn Palẹstínì tí ó lé ní 700,000 di ẹni tí kò nílé. Ó di ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá ọdún 1988 kí Yasser Arafat tó kéde orílẹ̀-èdè Palẹstínì ní ìlú Algiers. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá ọdún 2012, ìbò 138 sọ ọ́ di orílẹ̀-èdè tí ń jókòó wo àwọn ìyókù nínú Àjọ náà, tí kò lè dìbò. Nígbà tí ó bèèrè àyè ní kíkún ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin ọdún 2024, ìbò 12 nínú 15 gbà á ní Ìgbìmọ̀ Ààbò, Amẹ́ríkà nìkan ni ó kọ̀, ìkọ̀sílẹ̀ ẹnì kan yẹn sì wọ́gi lé e. Lẹ́yìn náà ni Gẹ̀ẹ́sì, Kánádà, Ọsirélíà àti Pọtogí fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, tí Faransé àti àwọn mìíràn sì tẹ̀lé wọn ní ọjọ́ kejì. Iye àwọn tí ó ti gbà á wá di 157 nínú 193.

ÀYẸ̀WÒ KÌÍNÍ: ÌWÉ ÀWỌN GẸ̀Ẹ́SÌ

Ẹni tí ó bá ṣe rere, ká sọ pé ó ṣe rere. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ohun tí àwọn tí ó ṣáájú wọn kọ̀ láti ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ wọn sórí òṣùwọ̀n.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 2025, Keir Starmer, olórí ìjọba wọn, kéde pé àwọn yóò gba Palẹstínì ní oṣù Kẹsàn-án, àyàfi bí Israẹli bá gbé ìgbésẹ̀ gidi láti dá ìyà Gásà dúró, kí ó gbà láti dá ogun dúró, kí ó sì jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun kò ní gba Bèbè Ìwọ̀-Oòrùn mọ́ tirẹ̀. Ẹ yí ọ̀rọ̀ yìí wò dáadáa. Bí Israẹli bá hùwà dáadáa, Palẹstínì kò ní rí ìtẹ́wọ́gbà. Bí ó bá hùwà burúkú, Palẹstínì á rí i. Àbí irú ẹ̀tọ́ wo nìyẹn? Bí ọmọ bá jẹ́ ọmọ, ọmọ ni, bóyá aládùúgbò ṣe dáadáa tàbí kò ṣe é. Wọ́n sọ ẹ̀tọ́ ẹnì kan di ẹgba tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba ẹlòmíràn. Èyí ni mo pè ní àbùkù àkọ́kọ́.

Àbùkù kejì le ju ìyẹn lọ. Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé ní ìlú Hague sọ pé wíwà tí Israẹli wà lórí ilẹ̀ tí ó gbà ní ọdún 1967 kò bá òfin mu. Ó ní ó di dandan fún gbogbo orílẹ̀-èdè kí wọ́n má ka ipò náà sí ohun tó tọ́, kí wọ́n má sì ṣe ìrànlọ́wọ́ tí yóò mú un dúró. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, Gẹ̀ẹ́sì dá nǹkan bí 30 dúró nínú nǹkan bí 350 ìwé àṣẹ tí wọ́n fi ń ta ohun ìjà fún Israẹli. Ṣùgbọ́n wọ́n yọ ẹ̀yà ara ọkọ̀ òfuurufú ogun F-35 tí ń lọ sí àpapọ̀ ilé ìkójọ àgbáyé sọ́tọ̀, wọ́n ní ìyẹn gbọ́dọ̀ máa lọ. Kí ènìyàn fi ọwọ́ ọ̀tún bọ ọmọ lọ́wọ́, kí ó fi ti òsì ta ọ̀kọ̀ fún ẹni tí ń lé e, irú ìjẹ́wọ́ wo nìyẹn?

ÀYẸ̀WÒ KEJÌ: ÌKÉDE NEW YORK

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, Àpéjọ Gbogbogbòò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi ìbò 142 gba ìwé kan tí Faransé àti Saudi Arabia ṣe agbátẹrù rẹ̀. Àwọn 10 kọ̀ ọ́, àwọn 12 káwọ́ gbera. Ìwé náà dára ju ọ̀pọ̀ tí ó ṣáájú rẹ̀ lọ. Ó dá ìpànìyàn ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá ọdún 2023 lẹ́bi, ó sì dá ìkọlù Israẹli sí àwọn ará Gásà tí kò gbé ìjà lẹ́bi. Àwa náà gbọ́dọ̀ lè sọ méjèèjì. Ní ọjọ́ náà, nǹkan bí 1,200 ènìyàn ni wọ́n pa ní Israẹli, wọ́n sì kó 251 lọ. Ní Gásà, iye òkú tí ilé iṣẹ́ ìlera wọn kà ti lé ní 65,000 kí oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025 tó parí. Àwọn òfin tí Abubakar fi lé àwọn ọmọ ogun tí ń lọ sí Ṣáámù lọ́wọ́ kò gba kí a pa obìnrin, kí a pa ọmọdé, kí a pa arúgbó. Kò sọ pé ti ẹ̀yà kan yàtọ̀.

Ibi tí ìwé náà ti kù díẹ̀ káàtó ni pé ó béèrè ìgbésẹ̀ tí ó ní àkókò, tí kò ṣeé yí padà, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí àkókò bá kọjá lórí rẹ̀. Oṣù kan kí wọ́n tó dìbò náà ni Israẹli fọwọ́ sí kíkọ́ nǹkan bí 3,400 ilé sí ibi tí wọ́n ń pè ní E1, ibi tí yóò gé Bèbè Ìwọ̀-Oòrùn sí méjì. Wọ́n sì ti fi nǹkan bí 700,000 ènìyàn sórí ilẹ̀ tí wọ́n gbà. Owó ńkọ́? Lábẹ́ àdéhùn Paris ti ọdún 1994, Israẹli ni ó ń gba owó ibodè lórí ọjà tí ń lọ sọ́dọ̀ àwọn Palẹstínì, òun ni yóò tún kó o fún wọn. Lọ́pọ̀ ìgbà ni ó ti dá a dúró. Ìjọba tí kọ́kọ́rọ́ àpótí owó rẹ̀ wà lápò ẹlòmíràn, kí ni yóò fi san owó olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì? Àwọn àgbà ní ká rí ni lókèèrè ká ṣàríyá, ó yó ni ju oúnjẹ lọ. Lóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ebi ń pa ní Gásà ti rí ọ̀yàyà tó. Oúnjẹ ni ó kù.

Kí òdodo má bàa jẹ́ apá kan, àwọn aṣáájú Palẹstínì náà ní tiwọn láti dáhùn. Ọdún 2005 ni wọ́n yan Mahmoud Abbas fún ọdún mẹ́rin, ọdún 2006 sì ni wọ́n dìbò ilé ìgbìmọ̀ gbẹ̀yìn kí ogun ọdún 2023 tó dé. Abbas ti ṣèlérí pé ìbò yóò wáyé láàárín ọdún kan lẹ́yìn tí ogun bá dáwọ́ dúró. Ọjọ́ 10 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni ìdáwọ́dúró bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará ìlú tirẹ̀ ni ó jẹ ní gbèsè yẹn.

ÀYẸ̀WÒ KẸTA: ÀWA ŃKỌ́?

Ibí ni mo fẹ́ pẹ́ sí, nítorí ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Nàìjíríà gba Palẹstínì ní ọdún 1988, nígbà tí mo wà ní ilé kéwú. Aáfà wa gbọ́ ọ lórí rédíò, ó ní kí gbogbo wa ṣe àdúà. Ìjọba wa ti já okùn pẹ̀lú Israẹli láti ọdún 1973, ó sì tún un so ní ọdún 1992. N kò rí ohun tó burú nínú pé a ń bá àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀. Ohun tí mo ń béèrè ni ohun tí a fi ìjẹ́wọ́ wa ṣe.

Ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún 2014, Jọ́dánì gbé ìwé kan wá síwájú Ìgbìmọ̀ Ààbò. Ìwé náà ní kí Israẹli kúrò lórí ilẹ̀ tí ó gbà kí ọdún 2017 tó parí. Ìbò mẹ́sàn-án ni wọ́n nílò. Nàìjíríà wà lórí àga ní Ìgbìmọ̀ náà nígbà yẹn. Mẹ́jọ gbà: Jọ́dánì, Ṣáínà, Rọ́ṣíà, Faransé, Luxembourg, Chad, Chile àti Argentina. Amẹ́ríkà àti Ọsirélíà kọ̀. Márùn-ún káwọ́ gbera, Nàìjíríà sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Aṣojú wa ní ìjíròrò láàárín àwọn méjèèjì ni ọ̀nà àlàáfíà.

Ẹnì kan lè sọ pé bí a bá tilẹ̀ dìbò, Amẹ́ríkà ì bá wọ́gi lé e. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wọ́gi lé ohun tí mẹ́sàn-án fọwọ́ sí ti gbé ẹrù ìtìjú rẹ̀ lórí ara rẹ̀. Ìbò kan tí a fi pamọ́ ni ó gbé ẹrù yẹn kúrò lórí rẹ̀. A ti jẹ́wọ́ ọmọ fún ọdún 26. Ọjọ́ tí ọmọ nílò ẹlẹ́rìí, a ní a kò dá sí i. Kìí ṣe àwa nìkan o: Togo náà ti gba Palẹstínì láti ọdún 1988, síbẹ̀ ní ọdún 2012, ó káwọ́ gbera níwájú gbogbo ayé.

Ẹ̀yin ará mi, kí n tó na ìka sí ìjọba, mo ní láti na ọ̀kan sí ara mi. Ọjọ́ kẹta sí ìbò yẹn, ọjọ́ 2 oṣù Kìíní ọdún 2015, Jímọ̀ọ́ ni. Mo gun mínbárì. Mo ṣe àdúà fún Al-Quds bí mo ti máa ń ṣe, àwọn ènìyàn ṣe àmín tí ilé fi mì. N kò sọ ọ̀rọ̀ kan nípa ìbò Nàìjíríà. Mo ti gbọ́ ọ. Mo rò pé ọ̀rọ̀ òṣèlú ni, ìdìbò ààrẹ ti sún mọ́lé, n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé mo wà lẹ́yìn ẹgbẹ́ kan. Mo bẹ Ọlọ́hun kí Ó ran àwọn tí ó jìnnà lọ́wọ́, mo sì dákẹ́ lórí ọwọ́ tí ó wà nítòsí. Àwọn ará mọ́sálásí kò béèrè, nítorí n kò sọ fún wọn. A kìí fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, ohun tí mo ṣe gan-an nìyẹn. Mo tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun, mo sì ń sọ ọ́ síta kí aáfà kékeré tí ń gbọ́ mi má bàa ṣe irú rẹ̀.

Nǹkan kan tún wà. Ní ọdún 1984, Nàìjíríà gba ìjọba àwọn Sàhráwì ní Ìwọ̀-Oòrùn Sàhárà, tí Mòrókò jókòó lé ọ̀pọ̀ nínú ilẹ̀ wọn. Mùsùlùmí ni wọ́n, Mùsùlùmí ni ẹni tí ó jókòó lé wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń lọ ṣe síyárà ní Fẹ́sì. Mélòó nínú wa ni ó ti dárúkọ Sàhráwì lórí mínbárì rí? Bí ó bá jẹ́ òdodo ni à ń jà fún, kò gbọdọ̀ mọ ojú.

Ẹ̀KỌ́ HUDAYBIYA

Ní ọdún kẹfà Híjírà, nígbà tí wọ́n ń kọ àdéhùn Hudaybiya, Suhayl ọmọ Amr kọ̀ kí wọ́n kọ "Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun" sínú ìwé. Ọwọ́ Ali tí ń kọ̀wé kò gbé e láti pa á rẹ́. Ànábì ní kí wọ́n kọ Muhammad ọmọ Abdullah. Ẹ̀kọ́ kìíní nìyẹn: ẹni tí kò gbà ọ́ kò sọ ọ́ di ohun tí ìwọ kò jẹ́.

Ẹ̀kọ́ kejì: inki kò tí ì gbẹ nígbà tí Abu Jandal, ọmọ Suhayl yẹn kan náà, wọ́ dé pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lẹ́sẹ̀, tí ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má dá òun padà. Àdéhùn ní kí wọ́n dá a padà. Ó dun Ànábì, ó dun àwọn Sàhábà, ṣùgbọ́n ó mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ.

Ẹ̀kọ́ kẹta: ní ọdún kẹjọ, nígbà tí àwọn alájọṣe Kùráéṣì kọlu ìdílé Khuza‘a tí ó wà lábẹ́ àdéhùn Ànábì, Khuza‘a wá ké pè é. Kò ní òun fọwọ́ síwèé nìkan ni, ó dìde. N kò sọ èyí kí ọmọ ẹnikẹ́ni lọ gbé idà o. Ìjọba nìkan ni ọ̀rọ̀ ogun wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwa tí a kò sí níbẹ̀ ní iṣẹ́ mìíràn. Mo sọ ọ́ kí a lè mọ̀ pé Súúrà Al-Mā’ida tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ pé kí onígbàgbọ́ mú àdéhùn ṣẹ kò fi àdéhùn òkèèrè sílẹ̀.

ẸRÙ TÍ Ó WÀ LỌ́RÙN

Lọ́rùn ìjọba tí ó bá ti jẹ́wọ́, mo rí mẹ́rin. Kí ó dìbò bí ẹni tí ó jẹ́wọ́. Kí ó má ta ohun ìjà tí yóò ti ìgbàlẹ̀ náà lẹ́yìn. Kí ó má ka ọjà tí ó wá láti orí ilẹ̀ tí wọ́n fipá gbà mọ́ ọjà Israẹli. Kí ó bá Palẹstínì lò bí orílẹ̀-èdè: kí ó gba aṣojú rẹ̀, kí ó gba ìwé ìrìnnà rẹ̀, kí ó bá a ṣòwò.

Lọ́rùn Palẹstínì náà, ẹrù wà. Ó wọ àdéhùn Geneva ní ọdún 2014, ó sì wà lábẹ́ Ilé Ẹjọ́ Ọ̀daràn Àgbáyé láti ọdún 2015. Ẹni tí ó bá di orílẹ̀-èdè, òfin ogun ti dè é bí ó ti de ọ̀tá rẹ̀.

Lọ́rùn tiwa, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ wẹ́rẹ́. Aáfà, nígbà tí o bá ń ṣe àdúà, sọ fún ìjọ bí ìjọba wa ṣe dìbò. Ọmọ yunifásítì, ìwọ tí o ní nǹkan kan kò yí padà, òfin ni o ń kọ́: lọ ka ìdájọ́ Hague, kí o kọ lẹ́tà sí aṣòfin àgbègbè rẹ, kí o bi í léèrè. Ẹni tí ó ní sàká, kí ó wádìí ọwọ́ tí yóò gbà á dé ọ̀dọ̀ ọmọ òrukàn. Kí gbogbo wa sì ṣọ́ ahọ́n. Ọ̀rọ̀ ìjọba Israẹli yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ Júù tí ó jókòó sílé rẹ̀. Ìdílé Kìrìsìtẹ́nì wà ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù tí ìyà yìí ń jẹ bí ó ti ń jẹ Mùsùlùmí. Ẹni tí ó bá sọ ọ́ di ìjà ẹ̀sìn nìkan ti lé ẹlẹ́rìí rẹ̀ lọ.

Màmá, mo padà sọ́dọ̀ yín. Ẹ bi mí bóyá wọ́n ti lè padà sílé. Rárá o, ẹ̀yin ìyá mi, wọn kò tí ì lè padà. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn 157 ti dúró níwájú ẹlẹ́rìí pé ilé náà, ilé wọn ni. Ẹ̀yin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Iṣẹ́ wa ni láti dúró ti ẹni tí ó sọ̀rọ̀, kí a máa rán an létí, títí kan ìjọba tiwa, kí ẹyin náà má bàa já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun Ọba Olódodo ṣe wá ní ẹni tí ń mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Kí Ó dá ẹ̀tọ́ padà fún gbogbo ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. Kí Ó fi àlàáfíà sí Al-Quds àti gbogbo àyíká rẹ̀, kí Ó sì fi òye kún òye wa. Àmín.